Òpó Irin Tó Ń Kùn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga dé ojú fèrèsé pálọ̀ wa ní àdúgbò Gàmbàrí, ọ̀sán máa ń bà mí lẹ́rù ju òru lọ. Ọ̀sán ni òjò ńlá máa ń ṣú. Ìyá àgbà wa á ní kí a kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan irin.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló kọ́kọ́ ra tẹlifíṣọ̀n ní agboolé wa. Kí àwòrán lè mọ́, ó ri òpó irin gígùn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó so eriá sí i lórí. Òpó náà ga ju gbogbo òrùlé àdúgbò lọ. Ìyá àgbà wò ó títí, ó ní, "Ẹ ti nàka sí ojú ọ̀run." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún yín. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àìlà, òjò ṣú dùdù, àmọ́ ewé kan ò mì. Iná ti lọ láti àárọ̀. Lójijì ni òpó yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, hùnnn, bí ẹni tó pa ẹnu dé tó ń kọrin. Irun ọwọ́ mi dìde ṣánṣán. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí àwa ọmọdé ń pè ní Àǹtí, rántí pé wáyà eriá ṣì wà lára tẹlifíṣọ̀n. Ó dìde láti lọ yọ ọ́.

Ìyá àgbà kígbe: "Má fọwọ́ kàn án!"

"Màmá, ṣebí iná ti lọ," ni Àǹtí wí. "Kí ni yóò ṣe mí?"

N kò gbọ́ ààrá náà. Funfun ni mo rí, gbogbo yàrá funfun báláú. Nígbà tí ojú mi là, tẹlifíṣọ̀n ti fọ́, wáyà ti yọ́ mọ́ ògiri, Àǹtí sì nà gbalaja sílẹ̀, kò mí.

Àwọn aládùúgbò sáré dé, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó wọlé. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹni tí ààrá bá bá jà, a kì í fọwọ́ kàn án."

Bàbá mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló là wọ́n kọjá. Ó ní, "Iná yẹn ti wọlẹ̀ lọ. Obìnrin yìí nìkan ló kù síbí." Ó kúnlẹ̀, ó ń tẹ àyà rẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, títí òógùn fi bò ó. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìṣẹ́jú ni Àǹtí mí kanlẹ̀.

Àmì pupa kan yọ sí apá rẹ̀, ó pín bí ẹ̀ka igi. Kò pẹ́ tó fi parẹ́. Ohun tí kò parẹ́ ni pé láti ọjọ́ náà, Àǹtí máa ń gbọ́ òjò kí àwa tó rí i. A á jókòó síta, ojú ọ̀run á mọ́ kedere, yóò ṣàdédé gbé orí sókè: "Ẹ wọlé. Ó ti ń kùn." Àwa kì í gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n a kì í pẹ́ wọlé tí ààrá á fi dé. Wọ́n sì ti wó òpó irin yẹn palẹ̀ nígbà náà o, ẹ gbọ́.

Bàbá mi mú oníná wá. Oníná náà na wáyà bàbà tó nípọn láti orí òrùlé wá sílẹ̀, ó so ó mọ́ irin gígùn tó rì mọ́lẹ̀, kí ààrá lè rí ọ̀nà tirẹ̀ gbà wọlẹ̀ láìba ilé jẹ́. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tutù. Àǹtí ló ń bomi sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó máa ń lóṣòó síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, á dẹtí sílẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń gbọ́. Ó wò mí, ó ní, "Lọ ṣeré."

Ayé ti yàtọ̀. Sólà àti ínfátà rẹ̀ àti kọ̀ǹpútà wà nínú ilé mi báyìí, àwọn ọmọ mi sì ti fi ẹ̀rọ kan sẹ́nu ibi tí iná àti wáyà eriá ń gbà wọlé, tó máa ń já iná fúnra rẹ̀ bí ó bá ti pọ̀ jù. Mo dúpẹ́. Bí a bá ti ní irú rẹ̀ láyé ọjọ́un ni, bóyá Àǹtí ì bá má ṣubú. Àmọ́ nígbà náà, bí òjò bá ṣú, gbogbo agboolé á wọ yàrá kan, ara á kan ara. Lónìí, èmi nìkan ni mò ń jókòó. Bí ààrá bá sán, ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Malete á pè mí: "Màmá, ṣé ẹ ti pa ínfátà?" Màá ní mo ti pa á. Nígbà míì, á ti gbé fóònù sílẹ̀ kí n tó sọ pé ẹ̀rù ń bà mí.