Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan Tó Ti Bàbá Mi Mọ́lé

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ẹ̀pẹ́, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìwé kẹfà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí kì í jẹ́ kí ara mi balẹ̀ ní kíláàsì. "So that" ni. Tíṣà wa, ọkùnrin Ìkòròdú kan tí kì í lè dúró lójú kan, á máa rìn lọ rìn bọ̀ níwájú pátákó, á ní ojú méjì ni ọ̀rọ̀ náà ní. Ó lè sọ ohun tí èèyàn ní lọ́kàn kó tó ṣe nǹkan, bí ìgbà tí a bá ní, "Mo tètè jí kí n lè bá ọkọ̀." Ó sì tún lè sọ ohun tó kàn tẹ̀yìn nǹkan yọ, bí ìgbà tí a bá ní, "Òjò rọ̀ débi pé omi wọlé." Yorùbá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan náà ṣe méjèèjì. Mo kàn ń há a sórí ni. Ọmọdé ni mí, eré ló wà lọ́kàn mi.

Bàbá mi ń fi ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì kó èrò láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Èbúté Ìkòròdú. Lọ́jọ́ kan, ó rí ìtì igi ńlá kan tó léfòó lójú ọ̀sà, ó sì yí ọkọ̀ lójijì. Oníṣòwò kan tó jókòó sí etí ọkọ̀ já sómi. Wọ́n fà á jáde láàyè, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ti kán. Àwọn ará rẹ̀ mú bàbá mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ọlọ́pàá tí wọ́n bá lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe ará ìhín, kò gbọ́ Yorùbá. Bàbá mi ò kàwé, àmọ́ ó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu àwọn èrò, inú rẹ̀ sì máa ń dùn láti sọ ọ́. Kò dúró de ẹni tí yóò bá a túmọ̀. Ó ní, "I turn boat so that the man fall." Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun yí ọkọ̀ débi pé ọkùnrin náà ṣubú. Ohun tí ọlọ́pàá gbọ́ ni pé ó yí ọkọ̀ kí ọkùnrin náà lè ṣubú. Wọ́n tì í mọ́lé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò lè mọ bí ilé wa ṣe rí. Ìyá mi, tó ń yan ẹja tà ní Ọjà Olúwo, á to ẹja sórí iná, á tún kó o kúrò. Á jókòó, á dìde, á lọ wo ojú ọ̀nà. Èmi náà ò lè jẹun. Nígbà tí aládùúgbò kan tó bá bàbá mi lọ sí àgọ́ wá sọ gbólóhùn náà fún wa, mo fò dìde. Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn! Mo fa ìyá mi lọ́wọ́, a sáré lọ sílé tíṣà.

"Tíṣà, ẹ gbà wá o," ni ìyá mi wí, kò tiẹ̀ rántí kí i.

Tíṣà ní kí n tún gbólóhùn náà sọ. Kí n tó sọ ọ́ tán, ó ti ń wá bàtà.

Ní àgọ́, ó ṣàlàyé fún ọ̀gá ọlọ́pàá pé Gẹ̀ẹ́sì bàbá mi ló kù díẹ̀ káàtó, kì í ṣe pé ọkàn rẹ̀ burú. Ó ní ká ní ó mọ̀ ọ́n sọ ni, ohun tí ì bá wí ni, "I turned the boat so sharply that the man fell."

Ọ̀gá náà mi orí. "Ohun tí ẹ̀yin sọ nìyẹn. Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tí òun ní lọ́kàn?"

Tíṣà rìn dé ojú fèrèsé, ó padà, ó tún lọ. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú débi pé ó ń dùn mí. Ìgbà tó yá, tíṣà ní, "Ẹ bi ẹni tó ṣubú."

Wọ́n ránṣẹ́ pe oníṣòwò náà. Ó dé pẹ̀lú apá tí wọ́n fi igi dè. Wọ́n bi í pé kí ló wà níwájú ọkọ̀ kí bàbá mi tó yí i. Ó wo àwọn ará rẹ̀, ó wo ilẹ̀.

"Igi ni," ó ní. "Igi ńlá. Ká ní kò yí ọkọ̀ ni, gbogbo wa là bá bómi lọ."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni bàbá mi bá wa padà sílé. Ó ń lọ wo oníṣòwò náà títí apá rẹ̀ fi san, ṣùgbọ́n kò tún sọ Gẹ̀ẹ́sì lójú ọlọ́pàá mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ayé ti yí padà. Ìkòròdú ni mò ń gbé báyìí lọ́dọ̀ ọmọ mi, ní ẹ́sítéètì kan tí wọ́n ti ń jí lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ ọmọ mi ń sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Yorùbá ló wá di ohun tí wọ́n ń wá kiri lẹ́nu. Láìpẹ́ yìí, èyí tó kéré jù nínú wọn wọlé pẹ̀lú orúnkún tó bó. Mo bi í pé kí ló dé. Ó fẹ́ fi Yorùbá dá mi lóhùn, torí ó mọ̀ pé inú mi á dùn.

"Màmá," ó ní, "mo sáré kí n lè ṣubú."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo fà á mọ́ra, mo nu ojú rẹ̀.

"Rárá, ọmọ mi," mo ní. "O sáré débi pé o ṣubú. Kì í ṣe pé o fẹ́ ṣubú."