Òrùka Abẹ́ Téèpù Dúdú

Mo rántí bí téèpù dúdú yẹn ṣe máa ń gbóná lábẹ́ ìka mi nígbà tí oòrùn Ifọ̀ bá mú. Ọ̀gá mi, onífótò tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá ọjà, ló fi ń bo òrùka ara lẹ́ńsì kámẹ́rà rẹ̀, òrùka tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó máa wọlé. Yóò kẹ̀yìn sí mi, yóò yí i, yóò fi téèpù bo nọ́ńbà rẹ̀, kó tó gbé kámẹ́rà lé mi lọ́wọ́ pé kí n tẹ̀ ẹ́. Inú mi á máa dùn, mo ti di onífótò. Títẹ̀ nìkan ni mo mọ̀.

Àbúrò ìyá mi ni ọ̀gá yìí. Bí mo bá ń ráhùn, ìyá mi á ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo gbálẹ̀, mo pọnmi, mo fọ aṣọ ìyàwó ọ̀gá. Nígbà tí fíríìdọ́mù mi kù díẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kọ́ mi ní òrùka náà.

"Kò le rárá," ó ní. "Nọ́ńbà tó bá tóbi, ojú lẹ́ńsì máa tóbi. Tó o bá wà nínú oòrùn, mẹ́rin. Tó bá jẹ́ ìbòji, mẹ́rìndínlógún. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Mo dúpẹ́ títí. Mo kọ́ ọ sórí bí ẹsẹ Bíbélì.

Lọ́jọ́ fíríìdọ́mù, wọ́n gbàdúrà fún mi, ìyá mi gbé kámẹ́rà tó rà lé mi lọ́wọ́. Ọ̀gá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ní òun ni kí n kọ́kọ́ yà. Mo yí òrùka sí mẹ́rìndínlógún níṣojú rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "O káre, ọmọ mi."

Fíìmù yẹn kan náà ni mo gbé lọ sí Mowe, níbi tí mo ti gba ṣọ́ọ̀bù. Tọkọtaya kan tó kó wá láti Èkó, tí wọ́n ti ń wá ọmọ tipẹ́, ní kí n wá ya ìkómọ wọn. Abẹ́ kánópì ni, ni mo bá fi sí mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí wọ́n fọ fíìmù náà, gbogbo fótò inú rẹ̀, títí kan ti ọ̀gá, dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìyá ọmọ ò bú mi. Ó kàn ń gbé fótò náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó ń wá ojú ọmọ rẹ̀.

Mo fi ẹkún padà sí Ifọ̀. Ọ̀gá wo àwọn fótò náà, ó mi orí. "Ọwọ́ ẹ ò tíì gún. Padà wá bá mi ṣiṣẹ́ ná." Mo padà lóòótọ́, mo tún dúpẹ́, òpè tí mo jẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó lọ sí Oke-Aro, mo ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà mi tí kò sí fíìmù nínú rẹ̀, mo kọjú rẹ̀ sí fèrèsé, mò ń tẹ̀ ẹ́, mò ń yọjú wo inú rẹ̀. Ní mẹ́rin, ìmọ́lẹ̀ rọ́ wọlé. Ní mẹ́rìndínlógún, ihò náà ò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Mo tún un wò, mo tún un wò. Ọmọ ìyá ìyá mi ló ṣe èyí fún mi. Mo gbé àpò mi, mi ò dágbére, láti ọjọ́ náà ni mi ò sì ti fi "wọ́n" pè é mọ́.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá bá mi ní Mowe: bàbá àwọn tó ya gbogbo Ifọ̀ ò ní fótò kan tí wọ́n lè fi kéde òkú rẹ̀, àfi èyí tó dúdú tí mo yà lábẹ́ máńgòrò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú un mọ́lẹ̀," ọmọ rẹ̀ obìnrin ní.

Mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Fìlà kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà iwájú orí. Láti ọdún wọ̀nyí ni mo ti ń sọ fún ara mi pé bóyá ó ti gbàgbé irọ́ tó pa fún mi kó tó di ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú rẹ̀ yọ tán, èmi kọ́ ló ń wò. Ìka mi tó wà lórí òrùka ló ń wò, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde fún wọn. Ọmọ rẹ̀ nu ojú, ó ní ẹ̀rín bàbá àwọn gan-an nìyẹn.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ ọ́n.