Ọwọ́ Bàbá Mi Níwájú Àwọn Dókítà

Ó ti pẹ́ tí bàbá mi, Jaisi Ram, ti ń wa bọ́ọ̀sì ìjọba lójú ọ̀nà Bharmour, níbi tí àpáta wà lápá kan, tí ọ̀gbun wà lápá kejì. Lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Oògùn máa ń dá a dúró díẹ̀, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní kọ́nà, òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé òun fẹ́ fẹ̀yìn tì nítorí àìlera. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní kó lọ fara han ìgbìmọ̀ dókítà. Bí wọ́n bá ní ara rẹ̀ le, orí ọkọ̀ náà ni yóò padà sí.

Lọ́dọ̀ tiwa, èèyàn kì í rí wúruwùru lọ síwájú àgbà. Màmá mi lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fún un ní wàrà kíkan àti ṣúgà lá kí ọ̀nà lè dára. Bàbá fá irùngbọ̀n, ó wá lo oògùn rẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Kò sẹ́ni tó rò pé àṣìṣe ni.

Nígbà tí èmi àti Bàbá dé ilé ìwòsàn, dókítà àgbà, obìnrin kan tó ti hewú, ní, “Bàbá, ẹ na ọwọ́ yín.”

Ọwọ́ náà dúró bíi ti ère.

“Ṣé ó máa ń gbọ̀n nílé?”

“Díẹ̀ ni, mà. Kò tó nǹkan.”

Ó wò wá. “Èmi ò rí nǹkan kan o. Ẹ padà wá lọ́la, ká tún un wò kí n tó kọ ọ́ pé ara yín le.”

Nihal, tó ń gba owó nínú ọkọ̀ bàbá mi, ń dúró dè wá níta. Mo sọ ohun tí dókítà wí fún un, ló bá kọjú sí Bàbá.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìyàwó lẹ wá fẹ́ ni? Wọ́n ní kẹ́ ẹ gbé àìsàn wá, ẹ̀yin gbé ẹwà wá.”

“Ṣé kí n wá máa gbọ̀n bí ewé níwájú ìyá àgbà ni?”

“Ẹ ò lè gbọ̀n níwájú ìyá àgbà, àmọ́ ẹ lè gbọ̀n létí ọ̀gbun, témi àtàwọn èrò wà lẹ́yìn yín.”

Ilé ẹ̀gbọ́n Nihal la sùn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Bàbá kò fọwọ́ kan oògùn rẹ̀. Ká tó dé ilé ìwòsàn, ọwọ́ rẹ̀ ti ń lu itan rẹ̀. Àwọn tó tò síbẹ̀ ń yíjú wò ó. Mo fẹ́ di ọwọ́ náà mú, ó fà á kúrò.

“Jẹ́ kí wọ́n rí i, Kanta.”

Akọ̀wé ní kó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó rí bí ọwọ́ ṣe ń ṣe, ó ti yíǹkì síwájú rẹ̀. “Bàbá, ẹ kúkú tẹ̀ka.”

“Mo mọ̀wé kọ, ọmọ mi.”

Ó kọ ọ́. Ó pẹ́ gan-an. Kálàmù lu ìwé náà, àwọn lẹ́tà ń gun ara wọn bí ewúrẹ́ lẹ́nu ọ̀nà tóóró. Ẹnikẹ́ni ò kán an lójú. Nígbà tó parí, dókítà fa ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó wo orúkọ yẹn títí. Kò tún ní kó na ọwọ́ mọ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí Bàbá fẹ̀yìn tì, ó sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀.