Àgbò Tí Tashtan Fi Dá Mọ́tò Dúró

Mọ́tò ti ń kù lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù ti wà nínú ẹ̀, Dókítà Zulayho ti jókòó síwájú, ni olóògbé Tashtan bá wọ́ àgbò kan dé ẹnu fèrèsé. Àgbò arúgbó. Eyín ò fi bẹ́ẹ̀ sí lẹ́nu ẹ̀ mọ́. Tashtan ní, "Ẹ̀yin àlejò, ẹ ṣàdúrà sí i."

"Baba, a ti ń lọ," Dókítà dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n Jangibay tó ń wa mọ́tò, ọmọ tiwa ni, wọ́n kọ́ ọ nílé. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ọwọ́ ẹ̀ ti kúrò lórí sitiárì, ó ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó ti ṣe àmín. Lọ́dọ̀ tiwa, àlejò tó bá ti ṣàmín sí àgbò ò lè kúrò láìjẹ ẹ́. Bó bá lọ, èpè ló gbé lọ yẹn. Jangibay wo ọwọ́ ara ẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni, ó sì pa mọ́tò.

"Kí lo ṣe yẹn?" Dókítà bi í.

"Dókítà, mi ò mọ̀. Bí ìyá mi ṣe tọ́ mi nìyẹn."

Gbogbo ìlú wa, Murghab, ló mọ ìtàn yìí, wọ́n ṣì ń fi í rẹ́rìn-ín. Ìdí tí baba yẹn fi ṣe é ni wọn kì í sọ. Ó ń dùn mí, ìyẹn ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Darandaran ni Tashtan. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń ṣí òkúta lórí òkè Ak-Jilga, níbi tí koríko gan-an ò fẹ́ hù. Kòkòrò inú iyẹ̀pẹ̀ ló ń wá, àwọn tí wọ́n kéré ju hóró iyọ̀ lọ. Lọ́dún yẹn ó rí ọ̀kan: ó funfun, kò lójú, ó nírù tó fi ń ta pọ́ún. Kò sí nínú ìwé kankan tó ní. Ó ránṣẹ́ sí Dókítà, tó jẹ́ onímọ̀ nípa kòkòrò. Dókítà wá láti ìlú ńlá, ó fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó.

"Baba, ó lè jẹ́ tuntun," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ò tó. Ó lè jẹ́ pé àìsàn ló ń ṣe é. Ẹ bá mi wá mẹ́rin tó ti dàgbà, mo máa kọ ọ́ sínú ìwé. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, a ò rí nǹkan kan."

Yìnyín sì ti fẹ́ dí ọ̀nà orí òkè. Bí Dókítà bá lọ láìrí mẹ́rin, ó di ìgbà ooru tó ń bọ̀. Ikọ́ sì ti wọ Tashtan láyà nígbà yẹn. Ó mọ̀ pé òun ò ní rí ìgbà ooru tó ń bọ̀.

Ó gun òkè lọ. Iyẹ̀pẹ̀ yẹn ò gbọdọ̀ dì lójú ọ̀nà, ló bá ṣí fìlà onírun kúrò lórí, ó kó iyẹ̀pẹ̀ sí i, ó gbé e sáyà lábẹ́ ẹ̀wù bí ọmọ tuntun, ó fi orí lásán gun yáàkì, màlúù onírun orí òkè, wálé. Batma ìyàwó ẹ̀ wo etí ẹ̀ tí òtútù ti sọ di funfun.

"Etí yín ti ń kú lọ."

"Méjì ni mo ní," ó ní.

Ó tú àrọ ara ẹ̀rọ tí Batma fi ń ya ọ̀rá wàrà. Ó gbé asẹ́ lé e, ó da iyẹ̀pẹ̀ sórí asẹ́, ó fi àtùpà kékeré kọ́ sókè ẹ̀, ó gbé ìgò ọtí líle sábẹ́. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá ti ń gbẹ látòkè, àwọn kòkòrò á máa sá lọ sísàlẹ̀, wọ́n á já sínú ìgò. Ọjọ́ mẹ́ta ló ń gbà. Bó o bá mú iná le, wọ́n á kú síbi tí wọ́n wà. Batma bèèrè ohun tí òun máa fi ya ọ̀rá.

"Sùúrù," ọkọ ẹ̀ ní.

Batma ní òun ti dán sùúrù wò láti ogójì ọdún, kì í ya ọ̀rá.

Ọjọ́ kejì ni Jangibay rí ìkùukùu dúdú lójú ọ̀nà òkè, ó ní ó yá. Pẹ̀lú ẹyọ ti tẹ́lẹ̀, méjì péré ló wà nínú ìgò. Ohun tó fa ọ̀rọ̀ àgbò nìyẹn.

Lókè tiwa níbí, omi kàn ń hó ni, kì í gbóná délẹ̀. Odidi àárọ̀ ni ẹran ọ̀dọ́ àgbò máa ń gbà. Èyí tí Tashtan pa yẹn, bàbá bàbá àwọn tó kù ni. Batma ní ìkòkò kan tí wọ́n ń dé pa, tó ń tètè se ẹran. Tashtan jókòó lé e.

Jangibay fi ọ̀bẹ gún ẹran. "Baba, àgbò yìí ò tíì mọ̀ pé òun wà lórí iná."

"Rọra. Wọn kì í kánjú jẹ ẹran àgbà."

"Yìnyín máa sé wa mọ́bí. Mo níyàwó nílé."

"Mo mọ ìyàwó ẹ. Jẹ́ kó sinmi díẹ̀."

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó bínú débi pé kò mu tíì, ṣùgbọ́n ìdí ìgò náà ló jókòó sí, awò lójú. Ọ̀sán pọ́n, nǹkan funfun kan já. Gbogbo àgọ́ yíjú sí ìgò.

"Ọmọdé ni," Dókítà ní. "Kò sí nínú kíkà."

Tashtan na ọwọ́ sí àtùpà láti mú iná le díẹ̀. Batma di ọwọ́ yẹn mú, kò sì fi í sílẹ̀. Níta, yìnyín ti bẹ̀rẹ̀. Jangibay fa iṣan ẹran kan yọ nínú ìkòkò orí iná, ó jẹ ẹ́ títí omi fi yọ lójú ẹ̀, ó gbé e mì.

"Mo ti jẹ ẹ́. Èpè ti kúrò. Dókítà, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ó jáde, mọ́tò dún.

Dókítà wọ ẹ̀wù òtútù. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ìgò lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò dìde. Nígbà tó yá, ó bọ́ ẹ̀wù náà sílẹ̀.

"Ẹ sọ fún Jangibay kó pa mọ́tò. Méjì ló já pọ̀."

"Àgbà ni wọ́n?" Tashtan bèèrè.

Dókítà wò wọ́n pẹ́. "Àgbà ni, Baba. Mẹ́rin ti pé."

Tashtan dìde kúrò lórí ìkòkò. "Batma, gbà, bá wọn fi èyí sè é. Ebi ń pa àlejò."

Wọ́n kọjá, táyà ń yọ̀ títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀. Yìnyín ò tíì yọ́ tí Tashtan fi kú.

Ọdún kejì ni ìwé náà jáde. Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo kọ́ra mi débi tí mo fi lè ka ohun tí wọ́n kọ, tí mo sì mọ ohun tí wọn ò kọ. Wọ́n ní darandaran kan ló fi ibẹ̀ hàn wọ́n. Fi ibẹ̀ hàn, bí ẹni tó jókòó tó na ìka. Dókítà ní òun kọ orúkọ ẹ̀, àwọn ọ̀gá òun ló gé e kúrò. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ọ̀gá wo ni etí ẹ̀ funfun?

Mo gbé ìwé náà lọ bá Batma. Ó ń da tíì.

"Ṣé wọ́n kọ ọ́ pé àwọn kòkòrò yẹn ò lójú?"

"Wọ́n kọ ọ́."

"Ìrù ńkọ́?"

"Wọ́n kọ ìrù náà."

"Ó dáa." Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ṣé o mọ ohun tí àgbà yẹn ṣe kó tó gbé ìgò fún Dókítà? Ó gbé e lọ sẹ́yìn àgọ́, kò mọ̀ pé mò ń wo òun. Ó ní, 'Ẹ ò mọ̀ wá, àwa náà ò mọ̀ yín, ó yẹ kẹ́nì kan kí yín.' Ló bá kí wọn. Ó béèrè ilé, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ẹran ọ̀sìn, kò fo ọ̀kan. Wọ́n ti kú sínú ọtí o, ó ń béèrè bóyá òtútù ò mú wọn jù."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi etí gèlè nu ojú, ó sì ń nu ún lọ lẹ́yìn tí ẹ̀rín ti tán.

Mi ò tíì dárí ji àwọn ọ̀gá yẹn, n kò sì ní dárí jì wọ́n. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, mo gba Ak-Jilga kọjá, mo ṣí òkúta kan. Mi ò rí nǹkan kan. Mo béèrè àlàáfíà ilé wọn, mo sì rọra dá òkúta náà padà bò wọ́n.