Rájí Fótò àti Àwòrán Tí Kò Gbọdọ̀ Dín

Gbogbo àdúgbò Kotobabi ló mọ ìtàn ọjọ́ tí Rájí Fótò, ayàwòrán, gbé kọ̀ǹpútà wọ tro-tro, ọkọ̀ akérò. Àwọn òbí Sherifa, ìyàwó tuntun kan ní Darkuman, ló ní kó fi àwòrán ìgbéyàwó ọmọ wọn ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, kí ìyá ọkọ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè tètè rí i. Rájí ní òun ò ní ránṣẹ́, pé Wásáàpù á fún àwòrán náà bí ẹni fún aṣọ tútù. Ó tú kọ̀ǹpútà kúrò lórí tábìlì, ó fi ìró wé e, ó gbé e lé itan, ó di Darkuman. Ìyá arúgbó kan tó jókòó tì í nínú ọkọ̀ rọra fọwọ́ kan ìró náà, ó ní ọmọ náà ti tó ọdún mélòó. Rájí ní, "Ọdún mẹ́rin, Màmá. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, irun kan ò tíì já lórí ẹ̀."

Lubabah ìyàwó rẹ̀ ló ni ìró. Ó wá a títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ohun tí Rájí ń bá ayé jà lé lórí kò ṣòro. Jéépẹ́ẹ̀gì ni irú fáìlì tí ọ̀pọ̀ fóònù fi ń pa àwòrán mọ́. Kì í gba àyè púpọ̀, nítorí pé ó máa ń yọ díẹ̀ kúrò lára àwòrán, àwọn ohun tó rò pé ojú ò ní mọ̀ pé wọ́n sọnù. Bí èèyàn bá ṣí i, tó tún un ṣe, tó tún pa á mọ́, á tún yọ díẹ̀ sí i. Tífù ni Rájí fẹ́ràn ní tirẹ̀. Tífù kì í yọ nǹkan kan, bí o ṣe gbé e fún un náà ló máa gbé e fún ọ padà, àfi pé ó wúwo. Rájí a máa ṣàlàyé èyí fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, títí kan àwọn tó kàn yà síbẹ̀ nítorí òjò. "Ó ń yọ ohun tó rò pé o ò ní mọ̀," ni yóò wí. "Ta ló ní kó máa rò?"

Lubabah sọ fún un nígbà kan pé ìyá ọkọ Sherifa kò bèèrè ju kó rí ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín, àti pé ojú obìnrin náà pàápàá ti ń ṣú. Rájí ní òun ò bá ojú wí. "Bí ojú bá ń dín, ọ̀rọ̀ ojú nìyẹn. Kí àwòrán má bá a dín."

Bí dísíkì tó ń kó àwọn tífù rẹ̀ sí ṣe kún ilé wọn nìyẹn. Wọ́n kún inú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nígbà tó yá wọ́n gorí bẹ́ẹ̀dì, Lubabah wá ń sùn létí. Ó máa ń sọ fún Afua, aládùúgbò wọn tó ń ṣe irun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, pé gbogbo èyí tóun bí ló ti kúrò nílé, èyí tóun ò bí ni kò gbà láti lọ.

Ti Usamah, oníbàárà rẹ̀ kan, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Usamah ń múra àtirìnrìn àjò sí òkè òkun, ó sì gbọ́dọ̀ fi àwòrán ojú rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń gba èèyàn wọlé. Ibẹ̀ kọ tífù Rájí, wọ́n ní ó ti tóbi jù. Usamah bẹ̀ ẹ́ títí kó sọ ọ́ di jéépẹ́ẹ̀gì. Rájí dé fìlà, ó wọ bàtà, ó ní kó júwe ilé àwọn tó kọ àwòrán, kóun lọ là wọ́n lọ́yẹ̀. Usamah ní wọn ò ní ilé, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wà. Rájí ṣí fìlà, ó jókòó padà. "Wọn ò nílé," ló wí. "Abájọ tí nǹkan kékeré fi ń tó wọn."

Usamah sọdá títì lọ bá ayàwòrán mìíràn, ó sì rìnrìn àjò rẹ̀. Òun nìkan kọ́ ló sọdá. Lọ́dọọdún ni àwọn oníbàárà ń dín, Rájí sì kàn ń nu àga wọn ní àràárọ̀. Àwọn tó kù ló ń mú fláàṣì wá, irin kékeré tí wọ́n ń fi kó fáìlì, nítorí pé kì í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ a sì máa pẹ́ bí nǹkan míì. Bí ẹni tó jókòó bá ní ṣé ó ti parí, Rájí á wo ojú kọ̀ǹpútà, á ní, "Kò tíì tán. Màmá rẹ ńkọ́?"

Ìgbà òjò tó kọjá ni Rájí kú, àìsàn tí kò pẹ́. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, àwọn ọmọ padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn, ilé wá dákẹ́. Lubabah fẹ́ àwòrán rẹ̀ kan tóun lè fi kọ́ sára ògiri, kí ojú kan ṣáà máa wo òun nínú yàrá. Ó ṣí dísíkì títí. Ó rí ìyàwó, ó rí ìkókó, ó rí eyín àwọn tí kò mọ̀ rí, gbogbo wọn mọ́ kedere. Kò rí Rájí. Òun ló máa ń di kámẹ́rà mú.

Ẹyọ kan ló wà. Afua ló fi fóònù yà á lọ́jọ́ tí iná lọ, tí Rájí jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tó ń rẹ́rìn-ín. Fóònù yẹn ti kó sómi. Ṣùgbọ́n Afua ti fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí Àjọkẹ́, àkọ́bí wọn tó wà ní Kumasi, lórí Wásáàpù. Àjọkẹ́ gbé e sí sítátọ́ọ̀sì, níbi tí gbogbo ojúlùmọ̀ rẹ̀ ti lè rí i, kò sì pa tirẹ̀ mọ́. Usamah rí i níbẹ̀, ó ya ojú fóònù rẹ̀, ó fi èyí tó yà yẹn ránṣẹ́ sí Lubabah, èyí yẹn nìkan ló sì kù. Nígbà tó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, imú Rájí ti di igun mẹ́rin-mẹ́rin bíi táìlì ilẹ̀.

Lubabah rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò tíì rẹ́rìn-ín. "Bàbá Àjọkẹ́," ó sọ fún àga tó ṣófo, "wọ́n ti sọ yín di jéépẹ́ẹ̀gì." Lẹ́yìn náà ló rántí pé kò sí ẹni tí yóò bá òun jà sí i.

Ojú náà ṣókùnkùn díẹ̀, ó fẹ́ tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Rájí kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan àwòrán tó ti bà jẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ pa á mọ́ sí tífù. Lubabah ti bi í rí pé ṣé tífù lè dá ohun tó sọnù padà ni. Ó ní rárá. "Èyí tó ti lọ ti lọ, Lubabah. Èyí tó kù ni mi ò fẹ́ kó lọ."

Ó pa á mọ́ sí tífù. Lẹ́yìn náà ló wá tan ìmọ́lẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Táìlì ṣì ni imú. Ṣùgbọ́n fìlà tó tẹ̀ sósì wà níbẹ̀, ẹ̀rín tó máa ń ti ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan bẹ̀rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Usamah ti ti òkè òkun dé, Ashaiman ló ń gbé báyìí. Ó gbọ́ pé àwòrán náà ti mọ́lẹ̀ ju èyí tóun fi ránṣẹ́ lọ, ó pè, ó ní kí Ìyá Àjọkẹ́ jọ̀ọ́ fi àwòrán náà ránṣẹ́ sóun lórí Wásáàpù. Lubabah la ẹnu láti ní kò burú.

"Mi ò ní ránṣẹ́," ló bọ́ sí i lẹ́nu. "Tro-tro wà. Mú fláàṣì wá."

Usamah rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Màmá, ṣé ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ó dé lọ́jọ́ Àìkú. Lubabah ti nu àga. Ó ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, ó tẹ ibi tó yẹ kó tẹ̀. Usamah ò tíì jókòó dáadáa tí fáìlì ti wọlé tán, kò tó kéèyàn mu omi. Lubabah wo ojú kọ̀ǹpútà. Gbogbo ọdún tó ti ń gbọ́ lẹ́nu Rájí pé ẹ̀rọ náà lọ́ra ló rántí. Ó wo àga tí èèyàn wà lórí rẹ̀.

Usamah ní ṣé ó ti parí.

"Kò tíì tán," ni Lubabah wí. "Màmá rẹ ńkọ́?"