Ìwé Bàbá Tí Kò Lè Rìn

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré (ẹ má tíì bú mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án péré ni mí), apartment kan ní Greenspoint lókè òkun là ń gbé. Bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, ọ̀dọ̀ màmá àgbà kan tó ń gbé nísàlẹ̀ wa ni mo máa ń wà títí ìyá mi yóò fi ti ibi iṣẹ́ dé.

Màmá ò ríran dáadáa mọ́. Bàbá tó bí wọn ló kọ ìwé ìtàn kan láyé àtijọ́, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba nílé. Ẹsẹ̀ bàbá náà méjèèjì ti rọ láti kékeré. Orí ẹní ni wọ́n ti ń kọ̀wé, pátákó lórí àyà. Síbẹ̀, ìtàn ìrìn-àjò ni wọ́n kọ! Gbogbo oníṣòwò tó bá ń kọjá ni wọ́n ń pè jókòó: báwo lòkè ibẹ̀ ṣe ga tó, ṣé omi ibẹ̀ tutù? Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló kù, ọwọ́ Màmá ló wà, èmi ni mo sì ń kà á fún wọn.

Ó wá di pé ọmọ wọn, tí mò ń pè ní Uncle, fẹ́ mú wọn lọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ní Pearland, ibi tó jìnnà sí wa, ní Sátidé. Kò sẹ́ni tó lè ka Yorùbá níbẹ̀. Màmá fẹ́ gbọ́ ìwé náà tán kí wọ́n tó lọ. Èmi ńkọ́? Kàtúùnù ló wà lọ́kàn mi. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo ṣí ojú ìwé mẹ́wàá pọ̀, mo fò ó.

Màmá dá mi dúró. "Ìyá kékeré, ta ló gbé arìnrìn-àjò náà sọdá odò?"

"Ó... ó lúwẹ̀ẹ́ ni, mà."

"Pẹ̀lú àpò iyọ̀ lórí? Iyọ̀ yẹn ò yọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Bàbá mi ò fojú kan odò yẹn rí. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn kí wọ́n tó kọ ọ́."

Ojú tì mí gan-an. Mo padà sẹ́yìn, mo sì kà á.

Nígbà tí Uncle dé ní Sátidé, ojú ìwé mẹ́rin ló kù. Wọ́n kó ẹrù sínú mọ́tò tán.

"Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ á dí ojú ọ̀nà freeway."

"Jẹ́ kó kà á tán. Bàbá àgbà ẹ ló ń sọ̀rọ̀."

Uncle dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí mo tún máa wòkè, wọ́n ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàwọn ti bàtà lẹ́sẹ̀, odindi injiníà, wọ́n lanu bí ọmọdé. Mo kà á tán. Wọ́n ò dìde.

"Aunty kékeré, ẹ bá mi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

"Freeway ńkọ́?" Màmá bi wọ́n.

Ayé ti yí, ẹ̀yin èèyàn mi. Fóònù ló ń kàwé fún àwọn ọmọ mi lónìí, kì í sì í fo ìlà kankan. Mi ò bínú sí i. Ṣùgbọ́n tí mo bá rí wọn, tí kálukú ki nǹkan bọ etí nínú yàrá tirẹ̀, àárò yàrá ìsàlẹ̀ yẹn máa ń sọ mí: ẹnì kan ń kàwé, ẹni méjì ń gbọ́, kò sẹ́ni tó rántí pé mọ́tò wà níta.