Ẹgàn Etí Odò Wa

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló kọ́kọ́ pẹ̀gàn mi, lẹ́yìn ilé ìdáná wọn ní Àyèká, níbi tí èéfín púpurú ti ń ta wá lójú. Ọjọ́ tí a sin ọkọ mi ni. Àwọn obìnrin ilé ń to púpurú tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe sórí àjà iná, mo jókòó tì wọ́n nínú aṣọ dúdú, ló bá dúró lójú gbogbo wọn, ó ní, “Tíṣà ò mọ oko ro. Ẹ ò rí igbó tó jẹ́ kí àbúrò mi fi sílẹ̀ létí odò? Ọ̀lẹ ló fẹ́.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo mọ àwọn tó rẹ́rìn-ín, n kò sì tíì gbàgbé ẹyọ kan nínú wọn.

Igbó tó ń wí, ẹgàn ni. Àdá kò kàn án rí, láti ayé bàbá ọkọ mi wá. Ọkọ mi gbin ọ̀pẹ títí dé ẹ̀bá rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Ó ní òun kò lè ṣí odò sí oòrùn. Bí o bá débẹ̀ láàárọ̀, wàá gbọ́ ìyẹ́ àgbìgbò lókè bí ìgbà tí ènìyàn ń gbọn ẹní, wàá sì rí ojú ẹsẹ̀ ẹtu nínú ẹrẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ibẹ̀ ni mo máa ń lọ jókòó sí bí a bá ti parí ìsìn ọjọ́ Àìkú, tèmi ti aṣọ funfun ìjọ wa. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ibẹ̀ nìkan ni n kò ti ní láti gbóhùn sókè.

Nígbà tó yá, ìjọba gbé ètò kan kalẹ̀ fún àwa ọlọ́pẹ. Ẹni tó bá ní ẹgàn lórí oko rẹ̀, tó sì gbà pé òun kò ní gé e, òun kò ní dáná sun ún, òun kò sì ní jẹ́ kí ọdẹ wọ̀ ọ́ torí àwọn ẹranko inú rẹ̀, wọn yóò fún un ní ọmọ ọ̀pẹ tuntun. Oko tí kò bá ní ẹgàn, katapílà yóò wá wó igbó tó bá wà níbẹ̀ lulẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ọ̀pẹ lè dé etí odò. Olórí ẹbí ló sì gbọ́dọ̀ dáhùn fún ilẹ̀ ẹbí. Ta ni olórí ẹbí wa? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà ni.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Òde-Ìrẹ̀lẹ̀ lọ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì. Oko wa wà lára àwọn tí katapílà ń bọ̀ wá wó. Mo sọ fún ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ pé àṣìṣe ni.

“Mà, bàbá tó jẹ́ olórí ẹbí yín ló kọ ọ́ pé kò sí,” ló wí, ó sì yọ fọ́ọ̀mù náà fún mi.

Wọ́n tẹ ìbéèrè náà láìsí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí rẹ̀: *Se egan wa lori ile yii?* Ìdáhùn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà nísàlẹ̀, ó tẹ bíírò mọ́ ọn débi pé ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ lu: *Rara. Ko si.*

Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti parí ohun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. Mo ní kí wọ́n yá mi ní fọ́ọ̀mù náà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tọ́jú dè é láti ọdún wọ̀nyí, orí ọ̀kadà ni mo ti tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ.

Mo bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ìjókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, ó ti darúgbó ju bí mo ṣe ń rí i nínú ìbínú mi lọ. Mo na ìwé sí i. “Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ fi ní kò sí?”

Ó fi ìka tẹ̀lé e, ó kà á sókè: “Ṣé ẹ̀gàn wà lórí ilé yìí?” Ó wò mí. “Ìyàwó, ṣé àlejò ló yẹ kí n máa ròyìn ẹ̀gàn ilé wa fún?”

Gbogbo ohun tí mo tò lórí ọ̀kadà fò lọ. Mo fa bíírò pupa yọ nínú àpò, bí ẹni tó ṣì wà ní kíláàsì, mo fi àmì sí ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kà á fún un: “Ṣé ẹgàn wà lórí ilẹ̀ yìí?” Ó gba bíírò lọ́wọ́ mi, ó fa ìlà sórí ìdáhùn rẹ̀, ó kọ *Ó wà*, ó sì fọwọ́ sí i.

Katapílà kò wá. Àgbìgbò ṣì ń gbọn ẹní rẹ̀ lókè odò. N kò ní purọ́ fún ọ pé mo ti dárí jì í tán. Wòlíì wa ní kí n ṣe é, mo ní mò ń bọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó nínú ẹgàn yẹn nísinsìnyí, ohùn rẹ̀ tó ń bá mi débẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀yìn ilé ìdáná mọ́. Bí mo ṣe dìde láti dá fọ́ọ̀mù padà lọ́jọ́ náà, ó pè mí.

“Ìyàwó,” ó ní, “ìdáhùn tí mo kọ́kọ́ kọ yẹn, irọ́ ni. Ẹ̀gàn wà lórí ilé yìí. Èyí tí mo fi kàn ọ́ lọ́jọ́ tí a sin àbúrò mi ni.”